Àdáni àti Àjùmọ̀ní: Ètò Ọrọ̀-Ajé Méjì Nínú Oko Kòkó Ìkirè àti Àpòmù

Ìfáárà

Ìṣòro kan máa ń bá àwa olùkọ́ fínra nígbàkígbà tí a bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: kapitálíìsì àti sósálíìsì. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́, ìdáhùn tí a sábà máa ń rí gbà ni pé èkíní ni ètò àwọn olówó, èkejì ni ètò àwọn tálákà. Tàbí pé èkíní ni ti Amẹ́ríkà, èkejì ni ti Rọ́ṣíà àtijọ́. Ìdáhùn yìí kò ràn wá lọ́wọ́. Kò sí ilẹ̀ tí kò ní olówó àti tálákà, orúkọ ìlú kì í sì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ètò àdáni ni a ó máa pe èkíní, ètò àjùmọ̀ní ni a ó sì máa pe èkejì. A mọ̀ pé àwọn kan lè ní orúkọ mìíràn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni àdáni: a ń sọ pé ilé-ìwé àdáni, a ń sọ pé ilé-ìwòsàn àdáni. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí àjùmọ̀ní jẹ́ pẹ̀lú, pàápàá ẹni tí òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ bá jọ jogún ilé kan.

A kò ní lọ sí New York tàbí Moscow láti wá àpẹẹrẹ. Ìkirè àti Àpòmù, àwọn ìlú méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a ó ti wá tiwa. Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìṣọ̀kan. Ìdí tí a fi yàn wọ́n ni pé ìlú kòkó ni wọ́n, kòkó ilẹ̀ wa sì ti bọ́ sí abẹ́ oríṣiríṣi ètò láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ti wà ní ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, ó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà gbé nínú rẹ̀, ó sì tún ti padà sí ọwọ́ àwọn olókòwò aládàáni. Igi kòkó kan náà ni, ọ̀nà pínpín ni ó ń yí padà.

Ìbéèrè mẹ́ta tí a fi ń yẹ ètò wò

Ètò ọrọ̀-ajé ni ọ̀nà tí àwùjọ kan ń gbà pèsè ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò lò, àti ọ̀nà tí ó ń gbà pín in. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a máa bi ètò yòówù tí a bá fẹ́ yẹ̀ wò. Ta ni ó ni ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ilẹ̀, igi, ẹ̀rọ tàbí owó? Ta ni ó ń fi ara ṣe iṣẹ́ náà? Ta ni ó sì ní àṣẹ lórí ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó kúrò?

Nínú ètò àdáni, ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan ni ó ni ohun èlò. Àwọn tí kò ní ju apá wọn méjèèjì lọ ni ó ń tà iṣẹ́ fún un, tí wọ́n sì ń gba owó ọ̀yà. Ohun tí ó ṣẹ́kù di ti olóhun èlò, kì í sì í jẹ ẹ́ tán. Ó ń dá a padà sínú òwò kí ó lè bí òmíràn. Kókó tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹni tí ó fi gbogbo èrè rẹ̀ ra aṣọ àti oyè kò tíì di olókòwò ní ìtumọ̀ tí a ń sọ yìí, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Adam Smith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kọ ìwé ní 1776 láti fi hàn pé bí oníkálukú bá ń wá èrè tirẹ̀, tí ìdíje sì wà, ọjà yóò rí ohun tí ó nílò láìsí pé ọba kan pàṣẹ rẹ̀. Ní 1867, Karl Marx, ọmọ Jámánì, tẹ apá kìíní ìwé Das Kapital jáde. Èrò tirẹ̀ ni pé ohun tí ó ṣẹ́kù yẹn kò ti ibòmíràn wá ju inú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ṣe ju iye owó ọ̀yà rẹ̀ lọ.

Nínú ètò àjùmọ̀ní, gbogbo àwùjọ ni ó ni ilẹ̀ àti ẹ̀rọ, yálà nípasẹ̀ ìjọba tàbí nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìpinnu àpapọ̀ ni a fi ń pín èyí tí ó ṣẹ́kù. Àléébù kálukú kò farasin. Ètò àdáni lè jẹ́ kí oúnjẹ kún ọjà kí ebi sì máa pa ẹni tí kò ní owó. Ní ti ètò àjùmọ̀ní, ẹni tí ó di nǹkan mú ní orúkọ gbogbo ènìyàn lè di olóhun gan-an, kí àwọn yòókù má sì rí ibi tí wọn yóò ti bi í léèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sófíẹ̀tì nìyẹn títí ìjọba náà fi túká ní 1991.

Ọjà ti wà kí ètò àdáni tó dé

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kíláàsì ni èrò pé ibi tí ọjà bá wà, ètò àdáni ni ó wà níbẹ̀. Àpòmù gan-an ni a lè fi já èrò yìí. Ọjà Àpòmù ti lókìkí kí ìjọba òyìnbó tó dé rárá. Àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ń pàdé níbẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà ní àgbègbè ọjà náà, àti pé àríyànjiyàn lórí ataare níbẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu ní nǹkan bí 1820. Owó wà, èrè wà, ìnájà wà. Kódà ènìyàn di ọjà. Síbẹ̀ a kò lè pe ètò ìgbà náà ní ètò àdáni. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun títà, ti ìdílé ni. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kò sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ọjà: ọmọ ń ṣiṣẹ́ fún baba, ìwọ̀fà ń sin owó tí a yá, ẹrú ń sin olówó rẹ̀.

Obìnrin tí ń dín dòdò Ìkirè ni àpẹẹrẹ wa kejì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá àlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa. Dòdò yìí ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ fi mọ orúkọ ìlú náà. Òun ni ó ni agbada, òun ni ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun náà ni ó jókòó ti iná. Ọ̀kan náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníṣòwò ni, kì í ṣe olókòwò. Ọjọ́ tí ó bá ra agbada mẹ́wàá, tí ó gba obìnrin mẹ́wàá síṣẹ́ lójúmọ́, tí ó ń san owó ọ̀yà fún wọn, tí ó sì ń fi èrè ra agbada mìíràn, ọjọ́ náà ni ó wọ inú ètò tí a ń sọ. A ti rí i pé àpẹẹrẹ yìí máa ń yé akẹ́kọ̀ọ́ ju ìtàn ilé-iṣẹ́ aṣọ Manchester lọ.

Bí kòkó ṣe yí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ padà

Àgbègbè Agége ni oko kòkó ńláńlá ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Ìbàdàn, tí ó sì tàn dé àwọn ìlú igbó bí Ìkirè, Àpòmù àti Gbọ̀ngán. Kòkó kò dà bí iṣu. Ẹni tí ó gbin iṣu yóò wà á láàrin ọdún, ilẹ̀ yóò sì padà di ti ìdílé. Ẹni tí ó gbin kòkó yóò dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so dáadáa, lẹ́yìn náà yóò máa ká a fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi wá di ohun ìní tí ó yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ìdílé ni ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó gbìn ni ó ni igi, àjèjì tí ó gbin tirẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè wa kìíní kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún fi ìdáhùn kẹta kún un: ó gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ẹni tí ó bá ka òfin náà nìkan yóò rò pé ètò àjùmọ̀ní ti dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dáko kòkó ṣì ní láti lọ kí olórí ìdílé.

Ní ti iṣẹ́, kò sí oko kòkó tí ó tóbi tí ọwọ́ ẹnì kan ká. Nígbà tí ẹrú àti ìwọ̀fà kásẹ̀ nílẹ̀, alágbàro ni ó gba ipò wọn. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú tí kòkó kò ti hù, àti àwọn ará òkè Ọya pẹ̀lú, ń wá ṣiṣẹ́ ọdún kan tàbí kí wọ́n gba ìdá mẹ́ta: ẹni tí ó ń tọ́jú oko yóò mú ìdá kan nínú ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde, olóko yóò sì mú ìdá méjì. Níhìn-ín ni a ti rí ẹni tí ó ní àti ẹni tí ó ń ṣe tí wọ́n ya ọ̀tọ̀ lára wọn.

Ibi tí owó fúnra rẹ̀ ti di ohun èlò ni ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀. Láàrin oṣù tí kòkó tán lórí igi sí ìgbà tí òmíràn yóò pọ́n, owó máa ń wọ́n àgbẹ̀, owó ilé-ìwé kò sì ní dúró. Oníkòkó, ìyẹn ẹni tí ó ń rà á, yóò san owó sílẹ̀ lórí kòkó tí ó ṣì wà ní òdòdó, ní iye tí ó kéré sí ti ìgbà ìkórè. Bí gbèsè bá pọ̀, àgbẹ̀ yóò fi oko náà dógò, ẹni tí ó yá a lówó yóò sì máa ká a títí gbèsè yóò fi tán. Bàbá kan lè máa pe oko ní tirẹ̀ kí ó má sì rí kòkó inú rẹ̀ ká fún ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí ó fi agbára gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀. Bí ètò àdáni ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: kò nílò kòbókò.

Láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó dé ọwọ́ Bọ́ọ̀dù

Àwọn tí ń yin ètò àdáni máa ń sọ pé ìdíje ni yóò gba àgbẹ̀ là: bí UAC kò bá san iye tí ó dára, John Holt yóò san án. Ṣùgbọ́n ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe àdéhùn láàrin ara wọn pé àwọn kò ní bá ara wọn figa-gbága lórí iye owó mọ́. Ó jọ pé kò sí ẹni tí ìdíje ń sú tó ẹni tí ń yìn ín. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, kọ̀ láti ta kòkó wọn títí ọdún 1938 fi wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yìí tó rọlẹ̀, ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ ra gbogbo kòkó. Nígbà tí ogun parí, kò dá a padà sí ipò tí ó bá a. Ní 1947 a dá Mákẹ́tíǹgì Bọ́ọ̀dù ti kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1954 ó di ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn.

Bí Bọ́ọ̀dù ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kí ìgbà kòkó tó wọlé ni yóò ti kéde iye tí yóò san lórí tọ́ọ̀nù kan, ní ìpele ìpele bí kòkó bá ṣe dára sí. Àwọn aṣojú tí ó gba ìwé-àṣẹ ni ó ń rà á ní Ìkirè àti Àpòmù àti ní abúlé, wọ́n sì ń kó o jọ fún Bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tà á sí òkè òkun. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye tí wọ́n tà á àti iye tí wọ́n san fún àgbẹ̀ ń wọ inú àpò ìpamọ́. Ìlérí tí a ṣe fún àgbẹ̀ ni pé nígbà tí ọjà àgbáyé bá já wálẹ̀, àpò yìí ni a ó fi gbé iye owó rẹ̀ dúró.

Ọjà àgbáyé dára púpọ̀ lẹ́yìn ogun, àpò náà sì kún. Kò sí ẹni tí ó lè gbójú kúrò lára owó tí ó tó bẹ́ẹ̀. G. K. Helleiner, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ṣe ìṣirò kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1964. Ó fi hàn pé láàrin 1947 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ohun tí owó-orí kòkó àti Bọ́ọ̀dù jọ yọ kúrò lára ohun tí ì bá kan àgbẹ̀ kòkó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a fi àpò sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́: bí ẹ̀yin bá gbé àpò kòkó mẹ́ta lọ sí ìdí òṣùwọ̀n, owó àpò méjì ni ẹ gbé bọ̀.

Kí ni a fi àpò kẹta ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ètò ìjọba náà ró, Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965 sì gba orúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọmọ alágbàro tí bàbá rẹ̀ kò ní igi kòkó kan ṣoṣo jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ olóko. Ṣùgbọ́n inú àpò yìí kan náà ni a ti yá owó fún ilé-iṣẹ́ tí àwọn olóṣèlú ní ọwọ́ nínú rẹ̀, èyí tí ìgbìmọ̀ Coker tú jáde ní 1962.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ìbéèrè wa mẹ́ta. Ta ni ó ni oko? Àgbẹ̀ ni, Bọ́ọ̀dù kò gba igi kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni ó ń ṣiṣẹ́? Àgbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ àti alágbàro. Ta ni ó ní àṣẹ lórí ohun tí ó ṣẹ́kù? Ìjọba ni, ní Ìbàdàn, láìsí àgbẹ̀ Ìkirè nínú yàrá tí a ti ń pín in. Àwọn kan ti kọ ọ́ pé ètò àjùmọ̀ní ni èyí nítorí pé ìjọba ni ó ń ra kòkó tí ó sì ń tà á. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìjọba nínú òwò kò tó láti sọ òwò di àjùmọ̀ní. Ọba ayé àtijọ́ náà a máa gba owó-bodè. Ohun tí ó wà níhìn-ín ni ìjọba tí ó di olókòwò kan ṣoṣo, tí ó sì ń lo èrè rẹ̀ nígbà mìíràn fún ire gbogbo ènìyàn, nígbà mìíràn fún ti díẹ̀. Kíkó rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ilé-ìwé tí a fi kọ́ náà jẹ́ òótọ́. Olùkọ́ tí ó bá sọ ọ̀kan tí ó fi èkejì pamọ́ kò tíì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní nǹkan.

Àwọn àgbẹ̀ dáhùn fúnra wọn. Láàrin 1968 àti 1969, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgbèríko Ìbàdàn, ó sì tàn ká ibi púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Owó-orí tí ó ju £3 lọ ni wọ́n ní kí wọ́n san ní àkókò tí owó kòkó kò tó nǹkan. Àwọn àgbẹ̀ ní ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn yóò san. Ènìyàn púpọ̀ kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ayọ̀ọlá kalẹ̀. Ní 1969, Awólọ́wọ̀, tí ó ti di Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìnáwó ní ìjọba àpapọ̀, wọ igbó tọ̀ wọ́n lọ, a sì sọ owó-orí náà di £2. Bí a bá wo ohun tí wọ́n béèrè, kò sí èyí tí ó ní kí ìjọba gba oko, kò sì sí èyí tí ó ní kí ilé-iṣẹ́ òyìnbó padà wá. Ìbéèrè wa kẹta ni wọ́n gbé dìde.

Ṣé àáró àti ọ̀wẹ̀ ni ètò àjùmọ̀ní wa?

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan fẹ́ràn láti máa sọ pé Yorùbá ti ní ètò àjùmọ̀ní kí Marx tó ní irùngbọ̀n, wọ́n a sì tọ́ka sí àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú. Julius Nyerere sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ní Tanzania nígbà tí ó gbé Ujamaa kalẹ̀ nínú Ìkéde Arusha ti 1967: ó ní inú ẹbí ilẹ̀ Áfíríkà ni àjùmọ̀ní ti wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970 tí ìjọba ń fi agbára kó àwọn àgbẹ̀ jọ sí abúlé titun, ó hàn pé ẹbí kì í ṣe ohun tí a ń fi ọlọ́pàá kó jọ.

Bí a bá yẹ àáró wò dáadáa, iṣẹ́ ni a ń pa pọ̀, kì í ṣe oko. Mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, ìwọ yóò bá mi ro tèmi lọ́la, ohun tí ó bá ti inú oko kálukú jáde sì jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́ nínú, ó ní ọlá nínú pẹ̀lú: àna ń bẹ ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wẹ̀, ọkọ ọmọ kò sì lè kọ̀. Ẹwà ìwà ọmọlúwàbí ni, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe.

Èyí tí ó sún mọ́ àjùmọ̀ní jù ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin ẹgbẹ́ wọ̀nyí jáde ní Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n ń kó kòkó wọn jọ tà, wọ́n ń yá ara wọn lówó kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ oníkòkó tí ń san owó sílẹ̀, wọ́n sì ń pín èrè ní òpin ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan, ìbáà ṣe àpò méjì ni ó mú wá tàbí igba. Bánkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953, Co-operative Bank, wà títí di 2006 tí ó dàpọ̀ mọ́ àwọn mìíràn di Skye Bank, tí ó sì di ti olókòwò pátápátá. Ìpín kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò dé: oko kò di ti ẹgbẹ́, alágbàro kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ṣe é dé òpin. Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kò sí ẹni tí ó ní nǹkan tirẹ̀. Ohun tí apẹja pa, ohun tí ahunṣọ hun, gbogbo rẹ̀ di ti ìlú, ìlú sì ń fún kálukú ní oúnjẹ, aṣọ àti ilé. Wọ́n ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná fi tàn níbẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù ú lọ. Ní òpin àwọn ọdún 1960, wọ́n fi ètò náà sílẹ̀, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Bí a bá fi Ayétòrò wé Ìkirè, a ó rí i pé ẹ̀sìn kan náà àti olórí kan náà ni ó so Ayétòrò pọ̀. Ìkirè ní onílẹ̀, ó ní àjèjì, ó ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ó sì ní ìdílé tí ẹjọ́ ilẹ̀ wà láàrin wọn.

Lẹ́yìn 1986

Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ sọ Bọ́ọ̀dù ti ẹkùn di Bọ́ọ̀dù Kòkó ti Nàìjíríà. Ní 1986, nígbà tí ó ń ṣe àtúntò ọrọ̀-ajé, ó pa á rẹ́. Owó kòkó lọ sókè ní kíákíá, pàápàá nítorí pé náírà já wálẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó ní owó sì lè di oníkòkó. Àwọn tí kò mọ òdòdó kòkó yàtọ̀ sí ti obì sáré wọ inú òwò náà. Wọ́n ń ra èyí tí kò gbẹ mọ́ èyí tí ó gbẹ, kò sì pẹ́ tí àwọn oníbàárà òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa kòkó Nàìjíríà. Alábẹ̀wò tí àgbẹ̀ ń bú ní ìgbà Bọ́ọ̀dù wá di ẹni tí a ń wá.

Gánà kò pa tirẹ̀ rẹ́, COCOBOD ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Èyí jẹ́ kí ọdún 2024 dà bí ìdánwò tí a ṣe fún ètò méjèèjì. Ojú-ọjọ́ àti àrùn ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire, iye owó rẹ̀ ní ọjà àgbáyé sì fò kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Àgbẹ̀ Gánà ń gba iye tí ìjọba ti kéde, ó sì rẹlẹ̀ gan-an sí ti ọjà, nítorí náà wọ́n ń kó kòkó gba ẹnubodè jáde ní òru. Ní Nàìjíríà, owó ọjà àgbáyé dé ìdí òṣùwọ̀n láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní 2025, ọjà náà tún já wálẹ̀, ìjákulẹ̀ náà sì tètè dé ìdí òṣùwọ̀n kan náà, láìsí àpò ìpamọ́ kan tí yóò dá a dúró.

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà nínú gbogbo èyí. Alágbàro kò sí nínú àdéhùn 1937, kò sí nínú ìgbìmọ̀ Bọ́ọ̀dù, kò sí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí kòkó wọ́n ní 2024, ẹni tí ó gba ìdá mẹ́ta rí nínú rẹ̀, nítorí pé kòkó ni ó ń pín; ẹni tí ó gba owó ojúmọ́ tàbí owó ọdún kò rí ju ohun tí olóko bá fẹ́ fi kún un lọ. Bí a bá gbé ìbéèrè mẹ́ta wa lọ bá àwọn ènìyàn méjì yìí nínú oko kan náà ní ẹ̀yìn Àpòmù, ìdáhùn wọn sí èkíní àti èkejì yóò dọ́gba: wọn kò ni oko, àwọn sì ni ó ń ṣiṣẹ́. Orí ìkẹta nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn ti yà, òun ni a sì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì wa láti fi ìwé àti bírò ṣírò: ká ní àpò mẹ́sàn-án ni oko náà so lọ́dún, tí owó àpò kan sì di ìlọ́po méjì, mélòó ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?